Ọkọ̀ Tí Kò Gba Ẹ̀sọ̀

Dókítà tó ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún ìyá mi n'Íbàdàn kò fọ̀rọ̀ falẹ̀. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira ni. Ó ní mo lè wá gbé wọn lọ́jọ́ Sátidé, ṣùgbọ́n mi ò gbọdọ̀ gbé wọn wọ ọkọ̀ akérò. Bí ọkọ̀ bá ń gbọ̀n wọ́n jìgìjìgì, okùn tí wọ́n fi rán ojú náà lè já, ojú á sì fọ́. Ojú òsì ti fọ́ tipẹ́. Èyí tó kù yìí, nǹkan funfun ti bò ó fún ọdún mélòó kan tí wọn ò fi ríran mọ́.

Mo ní ọkọ̀ tèmi n'Íkirè, ògbólógbòó ọkọ̀ tí ọkọ mi fi sílẹ̀ nígbà tó kú. Àwọn èèyàn sọ̀rọ̀ títí pé kí lobìnrin ń fi ọkọ̀ ṣe. Agbẹ̀bí ni mí. Bí wọ́n bá ń rọbí l'Ápòmù, ṣé kí n fẹsẹ̀ rìn débẹ̀ ni? Mo kọ́ ọkọ̀ wíwà, ẹni tó bá fẹ́ bínú kó bínú.

Àrùn kan ṣoṣo ló ń ṣe ọkọ̀ náà. Tó bá dúró, tí ẹ ò tẹ tọ́tù rárá, ẹ́ńjìnnì á máa kùn jẹ́jẹ́. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ kanlẹ̀, á sáré. Ṣùgbọ́n ẹ kàn fẹsẹ̀ bà á díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ rọra lọ, wàhálà dé: á sé, á ta, á tún sé, orí èrò inú ọkọ̀ á máa mì síwá sẹ́yìn. Tẹ́lẹ̀, mi ò kà á sí, mo kàn ń sáré ni. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Wọn ò tíì mọ ọkọ̀ mi.

Mo gbé e lọ bá mẹkáníìkì kan létí ọ̀nà l'Ápòmù. Ó pààrọ̀ pọ́lọ́ọ̀gì, ó tú kàbúrétọ̀, ó fọ̀ ọ́. Ó tẹ tọ́tù kanlẹ̀, ẹ́ńjìnnì bú ramúramù. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ wò ó, ara ọkọ̀ yín ti yá." Mi ò tíì délé tó tún bẹ̀rẹ̀. Mo padà. Ó ní ọkọ̀ ti darúgbó ni, kí n ṣáà máa fún un níná dáadáa. Inú bí mi gan-an.

"Ojú ìyá mi ni mo fẹ́ fi gbé, ẹ wá ní kí n máa sáré?"

Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í kó irinṣẹ́ rẹ̀ jọ. Kì í ṣe èèyàn burúkú, ibi tí òye rẹ̀ mọ nìyẹn.

Mo délé, mo bọ́ gèlè, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo ní aláìsàn náà rèé. Bí aboyún bá ní inú ń run òun, ìgbà tó ń run ún ni mo máa ń bi í. Èyí kì í ṣàìsàn àfi tí wọ́n bá fẹsẹ̀ bà á. A jẹ́ pé ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kí n gbọ́ ọ. Mo pe ìyàwó àbúrò ọkọ mi kó wá jókòó nínú ọkọ̀, kó fi ẹsẹ̀ ba tọ́tù, kó má tẹ̀ ẹ́ o, kó kàn bà á. Mo mú fèrè onígi tí a fi ń gbọ́ bí ọkàn ọmọ ṣe ń lù nínú ìyá rẹ̀, mo fi etí tì í, mo ń gbé e káàkiri ara ẹ́ńjìnnì.

"Ìyálé mi, ṣé ọmọ náà ti yí orí?"

Mo ní kó panu mọ́.

Mo gbọ́ ọ, ṣíì, bí afẹ́fẹ́ tó ń jò lára táyà. Rọ́bà tín-ín-rín dúdú kan ló ń jò, èyí tó ti ara kàbúrétọ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń pín iná fún pọ́lọ́ọ̀gì. Ìgbà tí ẹ bá fẹsẹ̀ ba tọ́tù díẹ̀ nìkan ni afẹ́fẹ́ ń gba inú rẹ̀. Mo fi ìka dí i, ẹ́ńjìnnì ń lọ geere. Mo yọ ọ́, mo nu gírísì ara rẹ̀. Kì í ṣe rọ́bà rárá. Ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ ni, ó ti gbẹ, ó ti là, wọ́n fi òwú wé e lẹ́nu méjèèjì.

Mo mọ ọwọ́ tó wé òwú náà. Bí ọkọ̀ bá kú lójú ọ̀nà, ohun tó bá wà nínú igbó ni àwọn awakọ̀ wa fi ń tún un ṣe, kí wọ́n ṣáà fi délé. Tí wọ́n bá wá délé tán, ó parí, ó di ìgbàgbé. Bẹ́ẹ̀ lọkọ mi ṣe gbàgbé. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, mo bú u dáadáa, mo sì sunkún. Nígbà tí mo ṣe tán, mo gé rọ́bà tí a fi ń fa itọ́ lẹ́nu ọmọ tuntun, mo fi rọ́pò ọ̀pá ìbẹ́pẹ. Ó wọlé ṣinṣin.

Lọ́jọ́ Sátidé, ìyá mi jókòó sẹ́yìn, aṣọ funfun bò wọ́n lójú. Mo rọra fẹsẹ̀ ba tọ́tù láti Ìbàdàn títí dé ilé wa n'Íkirè. Gbogbo ọkọ̀ ló ń yà wá sílẹ̀, àwọn awakọ̀ ń pè mí lórúkọ tí mi ò ní kọ síbí. Ọkọ̀ náà kò sé lẹ́ẹ̀kan.

Nígbà tí ọjọ́ tí dókítà dá pé, èmi ni mo tú aṣọ náà. Ẹ̀rù bà mí ju ti ọjọ́ ìkúnlẹ̀ èyíkéyìí lọ. Ìyá mi ṣẹ́jú, wọ́n wo ògiri, wọ́n wo ọwọ́ ara wọn. Wọ́n wá wò mí, wọn ò mójú kúrò lára eegun ọrùn mi. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú, ohùn mi nìkan ni wọ́n ń gbọ́.

"Ojoojúmọ́ lò ń sọ fún mi pé ò ń jẹun," ni wọ́n wí.

Wọ́n dìde fúnra wọn, wọ́n lọ sídìí ààrò, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dáná.