Fáìlì Rùkáyátù

Ẹ̀yin tí ẹ ní a kì í làágùn iṣẹ́ ìjọba, ẹ ò mọ Rùkáyátù, Ìyá Tawfiq, ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi tọ́jú fáìlì àwọn òṣìṣẹ́ nínú ọ́fíìsì kan ní Marina. Ẹ dárúkọ ẹnikẹ́ni, kí ẹ tó ṣẹ́jú, fáìlì rẹ̀ ti dé. Síbẹ̀, àwọn tó kọ́ níṣẹ́ ti di ọ̀gá, òun ò kúrò lójú kan. Ó gbà pé kádàrá ni.

Òfin ibẹ̀ ni pé òṣìṣẹ́ kì í ka fáìlì ara rẹ̀. Ọwọ́ Rùkáyátù ni kọ́kọ́rọ́ wà, àmọ́ kò ṣí tirẹ̀ wò rí. Wọ́n kúkú ní òótọ́ dọ́jà, ó kùtà.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta tó máa fẹ̀yìn tì, Ọ̀gá Àyìndé, olórí ẹ̀ka wọn, ní kó lọ fi ìwé ìfẹ̀yìntì sínú fáìlì náà. Bó ti ṣí i, ó rí lẹ́tà kan níbẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlá sẹ́yìn, wọ́n pè é wá sí kọ́ọ̀sì tí wọ́n fi ń gbé ènìyàn sípò ọ̀gá. Ọ̀gá Àyìndé sì fi bíró kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: "Ẹ má mú un lọ. Bó bá lọ, iṣẹ́ wa bàjẹ́."

Yéè! Nítorí pé ó mọ iṣẹ́ ni wọ́n ṣe dè é mọ́lẹ̀! Rùkáyátù jókòó, ó sunkún.

Kò tíì nu ojú tán tí ọ̀gá fi wọlé. Irú lẹ́tà kọ́ọ̀sì yẹn kan náà ló mú dání, ti Nusrat, ọmọbìnrin tí Rùkáyátù ń kọ́ níṣẹ́ kó lè rọ́pò rẹ̀. Lọ́jọ́ náà gan-an ni wọ́n máa parí ìforúkọsílẹ̀.

"Ìyá Tawfiq, ẹ bá mi tì í sínú fáìlì rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó gbọ́ o. Bí ẹ̀yin bá lọ, tóun náà lọ, ta ló kù?"

Rùkáyátù gba lẹ́tà náà. Bí ọ̀gá ti jáde, ó lọ bá Nusrat nídìí tábìlì, ó fi lẹ́tà náà lé e lọ́wọ́.

"Lọ wọkọ̀ ní CMS báyìí, kó o lọ forúkọ sílẹ̀. Bí wọ́n bá bi ọ́ ta ló fún ẹ, sọ pé èmi ni."

Nusrat kà á, ẹ̀rù bà á. "Ẹ̀ẹ́, Ìyá Tawfiq! Wọ́n lè dá ìwé ìfẹ̀yìntì yín dúró o!"

"Èmi fúnra mi ni wọ́n ti dá dúró láti ọdún mẹ́rìnlá. Máa lọ."

Nusrat kúnlẹ̀, ó dìde, ó sáré jáde. Rùkáyátù padà sórí ìjókòó rẹ̀, ó ń retí ìgbà tí ọ̀gá máa pè é.