Ọjọ́ tí Ìyá Gergina Tọrọ Àforíjì

Tsonka kì í bi aláìsàn pé ṣé ara le. Bó bá wọlé láàárọ̀, ohun tó máa ń bi wọ́n ni pé, "Ta ló ṣẹ̀ yín lóru àná?" Ẹni tó bá ní bẹ́ẹ̀dì le, tó ní tíì tutù, tó ní ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun ń hanrun, Tsonka á ní ó dáa, á kọjá lọ. Ẹni tó bá ní kò sí wàhálà rárá, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló máa jókòó sí.

Wọ́ọ̀dù àwọn tí egungun wọn ṣẹ́ ló ti ń ṣe nọ́ọ̀sì, ní ìlú wa yìí lábẹ́ òkè Balkan, ọjọ́ sì ti pẹ́ témi àtiẹ̀ ti jọ ń ṣiṣẹ́. Abúlé àwọn tó ń sin ewúrẹ́ ni wọ́n bí i sí. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kó lọ sí Jámánì tán, nítorí owó. Wọ́n ní kó máa bọ̀. Ó ní òun gbọ́ pé àwọn ará Jámánì kì í ráhùn, báwo lòun ṣe máa mọ èyí tó ń kú lọ nínú wọn? Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Tsonka ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀, torí kì í ṣàwàdà.

Ìgbà òtútù tó kọjá ni wọ́n gbé Ìyá Gergina wá. Yìnyín ló gbé ìyá náà ṣubú lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, egungun ìbàdí sì dá. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ó yọrí sí rere, ẹnu rẹ̀ sì tún mú ju ọ̀bẹ tí wọ́n fi ṣe é lọ. Snezhana, ìyàwó ọmọ rẹ̀, ló máa ń gbé ọbẹ̀ adìyẹ wá fún un lójoojúmọ́, nínú ìgò tó fi táwẹ́ẹ̀lì wé kó má tutù. Ìyá á tọ́ ọ wò, á sì gbé síbí sílẹ̀.

"Snezhana, ṣé o se adìyẹ yìí ni, àbí ó kàn gba inú omi kọjá?"

Snezhana ò ní fèsì. Ogún ọdún ni wọ́n ti jọ ń gbé lábẹ́ òrùlé kan náà, kò sì tíì fèsì rí. Èmi ì bá ti da ọbẹ̀ náà lé e lórí.

Ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú àwẹ̀ ńlá ni ọjọ́ àforíjì lọ́dọ̀ wa. Ọmọdé ló ń lọ bá àgbà, á fẹnu ko ọwọ́ rẹ̀, á ní, "Ẹ foríjì mí," àgbà á ní, "Ọlọ́run ti foríjì ọ́." Lẹ́yìn náà, oúnjẹ. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, àlejò kún wọ́ọ̀dù wa bámúbámú. Snezhana gbé bánítsà, àkàrà tó kún fún wàràkàṣì, wọlé. Kò tíì rí ibi gbé e sí tí Ìyá Gergina fi di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Snezhana, ọmọ mi, foríjì mí. Ọmọ dáadáa ni ọ́. Ọbẹ̀ rẹ dùn."

Ńṣe ni Snezhana kúnlẹ̀, tó bú sẹ́kún. Ìyá tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì ń sunkún. Àwọn àlejò tí kò mọ̀ wọ́n rí náà ń sunkún. Èmi náà wá áńkáṣífù lọ.

Tsonka dúró lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ gbẹ.

"Ta ló kọ́kọ́ tọrọ àforíjì?"

"Màmá ni, nọ́ọ̀sì," ni Snezhana wí. "Ẹ ò rí nǹkan ìyanu!"

"Àgbà kì í kọ́kọ́ tọrọ."

Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́, Ìyá Gergina tún di ọwọ́ Snezhana mú. "Snezhana, ọmọ mi, foríjì mí. Ọmọ dáadáa ni ọ́." Bí ẹni tí kò sọ ọ́ rí.

Tsonka ti dé ìdí bẹ́ẹ̀dì. Ó fọwọ́ kan ọwọ́ ìyá, ó tutù. Ó tẹjú mọ́ àyà rẹ̀, bó ti ń lọ sókè tó ń lọ sílẹ̀. Ó so ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mọ́ ọn lápá, ó sì wo ohun tó kọ síbẹ̀.

"Snezhana, dìde níbẹ̀. Gbogbo àlejò, ẹ bọ́ síta."

"Kí ló dé?" Snezhana fi ìbínú dìde. "Ṣé ẹ ò fẹ́ rí ìrẹ́pọ̀ ni? Ogún ọdún ni mo ti ń retí ọ̀rọ̀ yìí!"

"Ewúrẹ́ tó máa ń fi ìwo kan èèyàn, tí ò wá kàn mọ́, kì í ṣe pé ìwà rẹ̀ ti dáa. Bọ́ síta."

Ó gbé fóònù. Dókítà Panayotov ló wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà.

"Dókítà, ẹ máa bọ̀. Ìyá Gergina ń yin ọbẹ̀."

"Sista Tsonka, ọjọ́ àforíjì ni òní. Ìyá ìyàwó mi pàápàá foríjì mí."

"Ó ń mí bí ẹni tó sáré gun òkè. Ìfúnpá rẹ̀ ti já wálẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ tutù, kò sì rántí ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ."

Dókítà gbé fóònù sílẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ la gbọ́ lórí àtẹ̀gùn, bánítsà ṣì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ara ìyá ò gbóná láàárọ̀, kò sì gbóná nígbà náà, bẹ́ẹ̀ sì ni kòkòrò àìsàn ti gba ojú ìtọ̀ wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ara àgbàlagbà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. A fi atẹ́gùn sí i nímú, a fi omi sí i lára, a gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò, a fún un lábẹ́rẹ́, a sì tì í lọ sí yàrá àwọn tí ẹ̀mí wọn wà nínú ewu. Dókítà ní ká ní ó di alẹ́ ni, àlùfáà là bá pè.

Snezhana jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, bánítsà wà lórí itan rẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì, ṣé ó máa yè?"

"Mi ò mọ̀," ni Tsonka wí, ó sì jókòó tì í.

Ní ọjọ́ kẹta, ìyá la ojú, ó béèrè ibi tí òun wà. Inú mi dùn, mi ò lè purọ́. Tsonka lọ mú Snezhana wá. Wọ́n dúró lẹ́yìn gíláàsì, wọ́n ń wò ó.

"Nọ́ọ̀sì," ni Snezhana wí, "ọ̀rọ̀ tó bá mi sọ yẹn, ṣé àìsàn ló sọ ọ́?"

Ẹlòmíràn ì bá purọ́ kékeré kan fún un. Tsonka ní, "Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọlé lọ bi í."

"Mi ò ní bi í." Snezhana fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Ogún ọdún ni mo fi gbàdúrà pé kó bá mi sọ ọ́. Látọjọ́ Àìkú, àdúrà mi ni pé kó yè, kó má sì tún un sọ mọ́."

Tsonka ṣílẹ̀kùn fún un.