Ògiri Tí Mo Ní Kí Wọ́n Fi Sìmẹ́ńtì Rẹ́

Òórùn amọ̀ tútù ló máa ń gbé mi padà sí agboolé wa ní Ìgbó-Ọrà. Amọ̀ pupa ni, tí wọ́n fi ìgbẹ́ màlúù pò mọ́, tí wọ́n sì fi omi tí wọ́n ti rẹ èèpo èso igi irú tẹ̀ títí tó fi ń fà bí ọbẹ̀ ilá. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, tí wọ́n ti kó ègúsí kúrò lóko, gbogbo obìnrin á ká aṣọ sókè, wọn á máa fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ́ ògiri ilé mẹ́rin tí àwọn bàbá ńlá wa kọ́ tẹ̀ léra wọn. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alámọ̀ ni wọ́n, fèrèsé onígi wọn ga, wọ́n gbẹ́ òdòdó sára ilẹ̀kùn, ògiri kan náà sì ni ilé méjì tó bá fara tira ń pín lò. Kò sí ẹni tó ń rẹ́ tirẹ̀ nìkan. Ìyàwó mùsùlùmí ń rẹ́ ti onígbàgbọ́, ti onígbàgbọ́ náà ń rẹ́ ti mùsùlùmí, láti ilé àkọ́kọ́ dé ti ìkẹyìn.

Èmi kì í bá wọn rẹ́ ẹ. Ọ̀rẹ́ mi, má fi mí ṣẹ̀sín: mo ti di tíṣà ní Ìbàdàn, èékánná mi gùn. Ìgbẹ́ màlúù kẹ̀? Tí mo bá wálé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí, tí n óò máa yínmú. Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, á wò mí láti ibi tó ti ń ṣiṣẹ́, á fi ọwọ́ tí àdá ti gé ọmọńdinrín rẹ̀ dànù tọ́ka sí mi, á rẹ́rìn-ín. "Ẹ fi sílẹ̀. Ó ń bọ̀ wá fọwọ́ kàn án lọ́jọ́ kan." Yàrá ìsàlẹ̀ ilé kejì ló ń gbé. Inú yàrá yẹn ni wọ́n sin bàbá àgbà sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó kù tó fẹ́ láyé ni kí òun náà kú síbẹ̀, kí wọ́n sì tẹ́ òun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ òun.

Nígbà tó yá, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi bá bá mi wálé. Mo pe bíríkìlà kan láti Èrúwà, mo ní kó fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ilé ìyá àgbà nínú lóde, kó sì fi ọ̀dà funfun kùn ún. Ìyá àgbà fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ọmọ mi, ògiri amọ̀ ń làágùn o. Tó o bá dì í pa, ibo ni òógùn ẹ̀ máa gbà jáde?"

"Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ ò ní í po ìgbẹ́ mọ́ láyé yín."

Ó padà wọ yàrá rẹ̀. Bíríkìlà ti ń bọ̀, kò sì fẹ́ dójú tì mí níṣojú àlejò. Nígbà tí iṣẹ́ parí, ilé wa funfun láúláú láàárín àwọn ilé pupa, gbogbo àdúgbò ń kí mi kú oríire. Orí mi wú, kí n má purọ́. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn tún dé, àwọn obìnrin fo ilé wa. Kí ni wọ́n fẹ́ fi amọ̀ rẹ́ lára sìmẹ́ńtì? Ìyá àgbà jókòó síwájú ilé, ó ń wò wọ́n, ọwọ́ rẹ̀ gbẹ táútáú.

Òjò ọdún kejì ló tú àṣírí. Omi ti ń wọ inú ògiri láti òkè àti ìsàlẹ̀, kò rí ibi jáde. Amọ̀ ti rọ̀ bí ẹ̀kọ, a ò sì mọ̀, torí pé ojú ògiri ṣì ń dán. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó wó. Ilé aládùúgbò ni ìyá àgbà wà tó ń bó ègúsí, ohun tí Ọlọ́run fi yọ ọ́ nìyẹn. Ilé kejì fa ìkẹta, ìkẹta fa ìkẹrin. Bàbá mùsùlùmí tó ni ìkẹta kò bá mi jà. "Àlùhámúdùlíláì, kò pa èèyàn. Kádàrá ni," ló wí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe kádàrá ló pe bíríkìlà.

Mo gbé ìyá àgbà lọ sí Ìbàdàn. Ó máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa ògiri yàrá tí mo fún un, bí ẹni tó ń wá nǹkan. Kò pé ọdún tó fi kú. Mo bẹ mọ̀lẹ́bí pé kí a wú àlàpà yàrá rẹ̀, kí a lè sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá àgbà, wọ́n ní àwọn ò lè rán ẹnikẹ́ni sábẹ́ àlàpà tó lè ya lulẹ̀. Itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì la sin ín sí, láàárín àwọn tí kò mọ̀ rí.

Lẹ́yìn ìsìnkú, olùkọ́ yunifásítì kan bá mi ní agboolé wa pẹ̀lú kámẹ́rà. Ó ti gbọ́ pé irú ilé bẹ́ẹ̀ tó tò tẹ̀ léra ṣì wà níbí, ó fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ìjọba lè dáàbò bò ó. Ó pẹ́ kó tó dé. Ó mú àfọ́kù ògiri kan nínú àlàpà, ó ṣí sìmẹ́ńtì kúrò lára rẹ̀. Amọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìpele lórí ìpele bí àlùbọ́sà.

"Àǹtí, ẹ wò ó. Ẹ̀ẹ̀rùn kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀."

Lójú ìpele òkè pátá, ìlà ìka mẹ́ta gùn gbọọrọ, ibi tó yẹ kí ìkẹrin wà sì ṣófo. Mo mọ ọwọ́ náà. Mo jókòó sórí àlàpà, mo sì sunkún bí mi ò ṣe sunkún lọ́jọ́ ìsìnkú.

Ilé àkọ́kọ́ nìkan ló ṣì dúró. Obìnrin tó kù tó ń rẹ́ ẹ kò ju méjì lọ, èmi ni ìkẹta wọn báyìí. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, n óò gé èékánná mi, n óò po amọ̀, n óò po ìgbẹ́ mọ́ ọn. Ọwọ́ mi ti kàn án bí ìyá àgbà ṣe wí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ògiri tirẹ̀.