Ta Ni Yóò Kọ́kọ́ Sọ Pé Ó Ti Rẹ Òun?

Ọ̀kadà mi wúwo ju èmi àti ìyàwó mi pa pọ̀ lọ, ìyàwó mi kì í sì í ṣe èèyàn kékeré. Abẹ́ àtẹ̀gùn ilé wa ní Jakande Estate n'Ísọlọ̀ ni mò ń gbé e sí, mo sì fi ṣéènì dè é mọ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ìyá kan dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ọjà Aswani, níbi tí mo ti ń ta aṣọ. Kí n tó dáhùn, ó ti gbẹ́sẹ̀ sókè, ó fẹ́ gùn ún: "Ọlọ́kadà, Àgọ́ Palace!" Àwọn ọlọ́pàá náà kì í jẹ́ kí n gbádùn, wọ́n á ní ṣé mi ò gbọ́ pé ìjọba ti lé ọ̀kadà kúrò ládùúgbò wa ni. Màá ní, "Ọ̀gá, pawa baiki lèyí o, òfin yẹn ò kàn án." Wọ́n á wò mí, wọ́n á wo ọ̀kadà, wọ́n á ní kí n rọra máa lọ, bí ẹni tó ń ṣàánú wèrè.

Bóyá wèrè náà ni. Ohun tí mo fi ń ṣe ni ìdíje ọlọ́jọ́ mẹ́rin kan tí a máa ń gba ọ̀nà igbó ṣe, láti ẹ̀yìn Abẹ́òkúta lọ sí Òkè-Ògùn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ta ló yára jù. Kí èèyàn ṣáà fi ọ̀kadà tirẹ̀ dé òpin ni. Mo ti lọ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mejèèjì sì ni ọkọ̀ akẹ́rù tó ń tẹ̀ lé wa kó èmi àti ọ̀kadà mi bọ̀ wálé bí ẹrù iṣu. Lẹ́ẹ̀kẹta yìí, mo ti pinnu pé kódà bó jẹ́ wíwọ́ ni màá wọ́ ọ, màá dé òpin. Ọjọ́ orí mi ń lọ, ẹ̀yìn ń ro mí. Bí mi ò bá parí rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, mi ò ní í parí rẹ̀ mọ́ láyé.

Méjì méjì ni wọ́n ń pín wa, kí ẹnì kan lè gbé ẹnì kejì dìde tó bá ṣubú. Ẹ̀gbọ́n kan láti Òṣòdì ni wọ́n pín mi mọ́, ọkùnrin olórí ewú tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe. Ó ti parí ìdíje náà rí, ó sì ní èyí ni àṣekẹ́yìn òun.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ dùn. Láti ọjọ́ kejì ni yanrìn ti bẹ̀rẹ̀. A ṣubú, a dìde, a tún ṣubú. A gbé ọ̀kadà nílẹ̀ títí apá mi fi ń gbọ̀n tí mo bá fẹ́ mumi. Eruku wọnú akoto, ó bá òógùn pàdé, ó di ẹrẹ̀ sí mi létí imú. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹta, a kì í sọ̀rọ̀ mọ́ àfi tó bá di dandan.

Mò ń wo ẹ̀gbọ́n. Èjìká rẹ̀ ti wálẹ̀, ó sì ń pẹ́ kó tó gbéra tí a bá dúró. Mo mọ̀ pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n báwo ni ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ṣe máa wo ojú àgbà kó ní, "Ó ti rẹ̀ yín"? Ohun tí mò ń wí ni, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìforítì o." Á ní, "A dúpẹ́." Òun náà á wá bi mí, "Àbúrò, ṣé ó ń lọ?" Màá ní ó ń lọ. Irọ́ ni. Gbogbo ara ló ń dùn mí, títí kan eyín.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, ó ku òkè kan tó kún fún òkúta, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ìlú tí a ti máa parí. Ẹ̀gbọ́n ṣubú nísàlẹ̀ òkè náà. A gbé ọ̀kadà rẹ̀ dìde, ó wá jókòó sórí òkúta, kò dìde mọ́. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an. Mo ronú bí mo ṣe lè bá a wá ọ̀nà ìsinmi láì bu ọlá rẹ̀ kù, mo bá gbé ọ̀rọ̀ náà ka orí ara mi. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ó ti rẹ̀ mí. Ẹ jẹ́ ká sinmi díẹ̀."

Nílé wa, gbogbo ayé ló mọ èsì irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Àgbà á ní, "Tóò, nítorí tìẹ ni o," á sì sinmi tẹ́rùn.

Ẹ̀gbọ́n dìde fùú. Ó nawọ́ sí ọkọ̀ akẹ́rù tó ń bọ̀ lẹ́yìn. "Ẹ wá gbé àbúrò mi o! Ó ti rẹ̀ ẹ́!"

Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, wọ́n ti gbé ọ̀kadà mi sókè, wọ́n ti ń fokùn dè é. Kí ni mo fẹ́ sọ? Kí n ní irọ́ ni mo pa, pé ẹ̀gbọ́n ló rẹ̀? Ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ. Mo gun ọkọ̀. Ẹ̀gbọ́n bá àwọn méjì tó wà lẹ́yìn wa lọ, ó rọra gun òkè náà, ó ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, ṣùgbọ́n kò ṣubú. Mò ń wo ẹ̀yìn rẹ̀, omijé sì ń bọ́ lójú mi. Mi ò tijú láti sọ ọ́.

Nígbà tí a dé òpin, wọ́n ti fi mẹ́dàlì kọ́ ọ lọ́rùn. Ó wá bá mi lórí ọkọ̀, níbi tí mo dùbúlẹ̀ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kadà mi. Inú ń bí mi débi pé ẹ̀kọ́ ilé sá kúrò lára mi. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, àṣírí yín ni mò ń bò o. Ẹ̀yin ló rẹ̀, kì í ṣe èmi."

Kò bínú. Ó ní, "Ó rẹ̀ mí, mi ò ní í purọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ ti ń sùn lórí ọ̀kadà láti àná. Mo rí ẹ lẹ́ẹ̀mejì, ojú ẹ dì pa, ọwọ́ ẹ sì wà lórí bíréèkì. Òkè yẹn ì bá gbẹ̀mí ẹ. Kí ni mo fẹ́ lọ sọ fún ìyàwó ẹ n'Ísọlọ̀?"

"Kí ló wá dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

"Mo bi ẹ́ títí bóyá ó ń lọ, o ní ó ń lọ. Tí n bá ní kó o wọkọ̀, wàá ní èmi ló rẹ̀, mò ń fi ẹ́ bojú. Ẹnu ẹ ni mò ń retí."

Mo rántí igi irúgbá ńlá kan tó wà níwájú mi lọ́jọ́ tó ṣáájú, tó wá di ẹ̀yìn mi, tí mi ò sì rántí pé mo kọjá lára rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Síbẹ̀, mi ò fẹ́ gbà. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò sùn rárá o. Ká ní ẹ jẹ́ kí n gun òkè yẹn ni..."

Mi ò mọ bí mo ṣe parí ọ̀rọ̀ náà. Òṣòdì ni wọ́n ti jí mi.