Ìlérí Tí Ẹnikẹ́ni Kò Gbọ́

Bàbá Àdéhùn ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pe ẹ̀gbọ́n mi. Ìjìnlẹ̀ ìrònú nípa ìjọba àti òfin àárín ẹnì kan sí ẹnì kejì ló ń kọ́ wọn ní yunifásítì: ta ló gbọ́dọ̀ mú àdéhùn ṣẹ, ta ló gbọ́dọ̀ tún ohun tó bàjẹ́ ṣe, ìgbà wo ni ìjọba lè dá sí i. Nínú ilé wa, ìwé gba orí tábìlì, ó gba orí àga, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lé èmi àbúrò rẹ̀ tó ń fi ọ̀pá rìn jáde. Kò gbéyàwó. Yunifásítì kan lókè òkun pè é pè é kó wá bá wọn ṣiṣẹ́, ó ní òtútù ibẹ̀ ò bá òun lára mu. Mo gbà á gbọ́, mo sì máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ojo ni.

Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi kọ ìwé ńlá kan. Ohun tó ń sọ níbẹ̀ ni pé ìlérí kì í de ènìyàn àfi tí ẹlòmíì bá gbọ́ ọ, tó sì gbọ́kàn lé e. Bí àwọn ará ẹ̀ka rẹ̀ bá fọwọ́ sí i, yóò di ọ̀jọ̀gbọ́n. Bí wọn ò bá fọwọ́ sí i, bó ṣe wà náà ni yóò fẹ̀yìn tì.

Àṣà ẹ̀ka náà le. Ẹni tó kọ̀wé á jókòó síwájú, wọ́n á gbọn ìwé rẹ̀ yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́, kò sì gbọdọ̀ lanu títí wọ́n á fi parí. Mo lọ jókòó sẹ́yìn kí n lè bá a pàtẹ́wọ́. Wọ́n bá a jà, kò mira, mo sì rí i pé apá wọn ò ká ìwé náà. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n parí ni akẹ́kọ̀ọ́bìnrin rẹ̀ kan dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ká ní ẹnì kan ṣèlérí fún ẹni tó ń kú lọ, tí kò gbọ́ nǹkan mọ́, tí kò sì sẹ́lòmíì nínú yàrá. Ṣé ó lè pa ìlérí yẹn tì?"

Mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín ni. Nígbà tí alága fún un láyè, ó yọ awò ojú rẹ̀.

"Ìwé mi ní ó lè pa á tì," ló wí. "Mo ṣèlérí fún ìyá mi nígbà tí kò gbọ́ mọ́, pé mi ò ní fi àbúrò mi sílẹ̀. Torí kí n lè lọ ni mo ṣe kọ ìwé yìí. Mo kọ ọ́ tán, mi ò sì lè lọ. Ohun tó wà níbẹ̀ kì í ṣòótọ́."

Ẹyin lohùn, a máa ń wí. Mi ò mọ̀ pé èyí tí kò bọ́ sétí ẹnikẹ́ni náà lè fọ́ síni lára. Àṣé èmi ni òtútù náà. Ẹ̀gbọ́n mi ko ìwé rẹ̀, ó ní kí wọ́n má wulẹ̀ dìbò.

Mo bá a ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Bọ̀dá, ṣé ó ń wù yín láti lọ ni?"

"Lójoojúmọ́."

Mo fẹ́ bínú, ẹkún ló jáde. Ó dúró dè mí lẹ́bàá àtẹ̀gùn. Kò na ọwọ́ sí mi, torí ó mọ̀ pé mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dì mí mú tí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀.