Ògiri tí Tíṣà Fọwọ́ Ara Wọn Kùn

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni Màmá Fidelina Ipuana. Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, arákùnrin ìyá wọn rán wọn lọ sí ilé-ìwé kan nílùú, níbi tí ọmọ tó bá sọ èdè Wayuu, èdè ìran wa, ti ń kúnlẹ̀ sínú oòrùn. Màmá Fidelina kúnlẹ̀ títí. Lọ́jọ́ kan wọ́n dìde, wọ́n fẹsẹ̀ la aṣálẹ̀ kọjá wá sílé, wọn ò sì padà mọ́.

Nítorí náà, nígbà tí ìjọba ní àwọn yóò fún abúlé wa ní tíṣà bí a bá lè kọ́ ilé sílẹ̀, Màmá Fidelina ló kọ́kọ́ ru òpó wá. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kí ọmọ àwọn méjèèjì sá fún ìwé bí àwọn ṣe sá.

Tíṣà Evaristo, ará orí òkè tútù, ni ìjọba rán sí wa. Wọn ò gbọ́ èdè wa, ṣùgbọ́n wọn kì í na ọmọ, wọ́n sì máa ń bá wa fa omi lẹ́yìn ẹ̀kọ́. A fẹ́ràn wọn.

Lọ́dún tí òjò kọ̀ tí kò rọ̀, ibà pa ọmọbìnrin Màmá Fidelina. Èmi àti ẹ̀ la jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Ikú náà dun Tíṣà gan-an. Nígbà tí gbogbo wa ṣì wà níbi òkú, wọ́n ra ọ̀dà, wọ́n kọ orúkọ ọmọ náà gàdàgbà sára ògiri ilé-ìwé, wọ́n sì ya òdòdó pupa yí i ká. Nílùú tiwọn, ẹ̀yẹ ni. Lọ́dọ̀ wa, a kì í pe orúkọ òkú níwájú ẹbí rẹ̀. Ẹni tó bá pè é ti tún ibojì gbẹ́ ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí a wọlé padà, Màmá Fidelina mú ọmọkùnrin wọn tó kù wá. Wọn ò mọ̀wé púpọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n dá orúkọ yẹn mọ̀, nítorí ọmọ náà ló kọ́ wọn bí a ṣe ń kọ ọ́. Tíṣà rò pé inú wọn yóò dùn, wọ́n sì kà á sókè. Màmá Fidelina fa gèlè bo ojú, wọ́n fa ọmọ wọn lọ́wọ́, wọ́n sì lọ. Kò pẹ́ tí gbogbo ẹbí kó ọmọ wọn kúrò. Ìròyìn dé láti ìlú pé bí bẹ́ǹṣì bá ṣófo bẹ́ẹ̀, ìjọba yóò ti ilé-ìwé náà.

Bàbá Otoniel, tí wọ́n máa ń gbé ọ̀rọ̀ láàárín ẹbí tó bá ń jà, tí wọ́n sì máa ń sọ iye ewúrẹ́ tí ẹni tó ṣẹ̀ yóò san, dé fìlà, wọ́n mú ọ̀pá, wọ́n lọ sọ́dọ̀ Màmá Fidelina. Ibẹ̀ ni wọ́n gbà wá sọ́dọ̀ Tíṣà. Àwa ọmọdé wà lẹ́yìn ọgbà, à ń gbọ́.

Tíṣà ní ìfẹ́ ló mú àwọn ṣe é.

“A mọ̀,” ni Bàbá Otoniel fi èdè Tíṣà wí. “Ká ní ìkórìíra ni, ìbọn ni ì bá wá bá yín, kì í ṣe èmi. Àmọ́ ó ṣì ń dun Fidelina.”

“Ewúrẹ́ mélòó ni kí n san, Bàbá?”

“Ó ní òun ò kọ́ ilé yìí fún ewúrẹ́. Ẹ fọwọ́ ara yín pa á rẹ́. Kí ẹnì kan nínú wa sì máa jókòó tì yín tẹ́ ẹ bá ń kọ́ àwọn ọmọ. Ẹ mọ̀wé o, Tíṣà, àmọ́ kíláàsì kìíní lẹ ṣì wà lọ́dọ̀ wa.”

“Ta ló máa jókòó tì mí?”

“Ẹni tẹ́ ẹ ṣẹ̀ ni.”

Tíṣà kun ògiri náà ní ẹfun. Màmá Fidelina dé, wọn ò kí ẹnikẹ́ni. Wọ́n wo ògiri náà pẹ́.

“Tíṣà, pupa kan ṣì ń yọjú níbẹ̀ yẹn.”

Tíṣà tún un kùn. Ìgbà náà ni Màmá Fidelina jókòó tì mí, níbi tí ọmọ wọn máa ń jókòó sí, wọ́n yọ àpò tí wọ́n ń hun jáde, wọ́n sì ní kí ọmọkùnrin wọn wọlé.

Láti ìgbà náà, ohun tí Tíṣà bá sọ, Màmá Fidelina á tún un sọ ní èdè wa. Bí ọ̀rọ̀ Tíṣà bá fẹ́ ṣẹ̀ sí àṣà wa, wọ́n á wúkọ́, Tíṣà á sì dúró. Àwọn ọmọ kékeré ní Tíṣà bẹ̀rù ikọ́ yẹn ju ìjọba lọ.

Bí òjò bá rọ̀, àwọ̀ òdòdó náà máa ń fẹ́ padà yọ. Kò sẹ́ni tó ń rán Tíṣà létí kí wọ́n tó gbé ẹfun. Màmá Fidelina á kẹ̀yìn sí ògiri, wọ́n á máa hun àpò wọn lọ, títí Tíṣà á fi kùn ún tán.