Ọjọ́ Tí Mo Kúnlẹ̀ Pẹ̀lú Erè Lọ́wọ́

Òórùn ọṣẹ ìfọṣọ ló kún imú mi láàárọ̀ Sátidé yẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fọ ọwọ́, torí mo ti bá Màámi tu ìyẹ́ adìẹ, bẹ́ẹ̀ ejò tó bá gbọ́ òórùn adìẹ lọ́wọ́ èèyàn, oúnjẹ ló máa rò pé ó dé. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà yẹn, ní Ungwan Shanu ní Kàdúná, ọdún tí fóònù alágbèéká àkọ́kọ́ wọ ilé wa. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń sin ajá. Èmi, erè ni.

Màlámù Ìdí, aládùúgbò wa tó máa ń fi ejò ṣeré lọ́jà, ló fún mi. Ọmọ erè ni, kò ní oró, kò sì gùn ju apá mi lọ. Inú páálí tí mo lu ihò sí lára ló ń gbé. Màlámù kọ́ mi bí mo ṣe máa mú un jáde: má mú un bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun, má na ọwọ́ sí i látòkè, torí òkè ni àṣá ń gbà wá, fi ọwọ́ méjèèjì gbé ikùn rẹ̀, má di orí rẹ̀ mú, jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, má sì ṣe ohunkóhun lójijì. "A hankali, 'yata," ló máa ń sọ, pé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni, ọmọ mi.

Bàbá mi kò fẹ́ rí ejò náà sójú. Akọ̀wé ìjọba ni wọ́n, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tẹ́ ẹ dàgbà nílé akọ̀wé, ẹ mọ irú wọn. "Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà," ni wọ́n máa ń wí, bẹ́ẹ̀ ilé àyágbé là ń gbé. Bí àgbà bá wọlé tó bọ́ bàtà tán kí orúnkún mi tó kan ilẹ̀, mo gbé! Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ẹ̀bẹ̀, a dá àdéhùn: màá mú ejò náà lójú wọn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí kò bá ṣán mi, ó di ará ilé. Bó bá ṣán mi, ó ń lọ. Mo fẹ́ràn ejò yẹn ju àbúrò mi lọ, kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Mo jókòó sórí ẹní, mo ti ẹ̀gbẹ́ na ọwọ́ sínú páálí. Ó rọra gun apá mi, ó ń yọ ahọ́n, ó tutù bí ìkòkò omi. Bàbá mi dúró lẹ́yìn mi, wọ́n ń wo aago ògiri. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ kọjá. "Hùn, ó mà ní sùúrù," ni wọ́n wí.

Àfi bí alàgbà ìjọ wa ṣe wọlé láìkànkùn. "Ẹ kú ilé o!" Ẹ gbà mí, ta ló rán wọn? Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n ń gbèrò bóyá bàbá mi yẹ ní díákónì. Kí n tó ronú, mo ti fò dìde, mo ti kúnlẹ̀ gbì! "Ẹ kú àárọ̀ sà!" Ejò náà rò pé òun ń já bọ́, ló bá gé àtàǹpàkò mi jẹ. Mo fi ọwọ́ tòun tejò pa mọ́ sẹ́yìn, mo ń rẹ́rìn-ín, omi ń lé lójú mi.

"Ẹ wo ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́," alàgbà wí. "Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde."

Bàbá mi rí ẹ̀jẹ̀ tó ń kán sórí ẹní. "Ẹ ṣeun sà," ni wọ́n sọ, wọ́n sì yí àga alàgbà kọjú sí fèrèsé kí n ráyè sá wọlé.

Nígbà tí àlejò lọ, wọ́n ní, "Ó ṣán ẹ."

"Kì í ṣe ẹjọ́ ẹ̀, sà. Èmi ni mo kúnlẹ̀."

"Ṣé kí o má kúnlẹ̀ ni?"

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni ejò padà sọ́dọ̀ Màlámù, mo sì sunkún títí ojú mi fi wú. Bàbá mi jẹ díákónì.

Mo ti di ìyá ọmọ báyìí. Orúnkún mi ṣì máa ń lọlẹ̀ kí orí mi tó mọ ẹni tó dé, kódà fún ọ̀gá wa níbi iṣẹ́, tí mo fi ọdún mẹ́fà jù lọ. Ọmọbìnrin mi kì í kúnlẹ̀. Á dúró gbagidi, á fi Haúsá ní "Ina kwana," ìyẹn ẹ kú àárọ̀, ó parí. Àwọn àna mi ní mi ò kọ́ ọmọ, òótọ́ sì ni wọ́n sọ. Bó bá ṣe pé òun ló mú erè yẹn dání lọ́jọ́ náà, ejò ì bá wà nílé wa, bàbá mi kì bá sì jẹ díákónì. Mo mọ èyí tí ǹ bá mú nínú méjèèjì. Ṣùgbọ́n bàbá mi ṣì wà láyé, mi ò lè sọ ọ́ lójú wọn.